Fọlọ́runṣọ́ àti Ẹ̀rọ Tí Kì í Dáhùn

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tán ní Ìyànà Ìbà, Fọlọ́runṣọ́ tó ń ta ṣájà fóònù lẹ ń wá. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fara dà: kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dá a lóhùn. Bó bá kí ọ tí o kò gbọ́, ìjà dé nìyẹn.

Victoria ló fẹ́ fi ṣaya. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ń kọ́ Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé jọ ni, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, Akínyẹmí, ní Ìbà, òun náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ débẹ̀.

"Ọ̀gá ni mo wá ràn lọ́wọ́ o!" ló sọ fún gbogbo kíláàsì.

Akínyẹmí rẹ́rìn-ín, ó bá a fi Linux sórí ẹ̀rọ, ó ní kó yan páswọ́ọ̀dù. "Kò sí àwòrán tí à ń tẹ̀ níbí o. Àṣẹ lẹ máa kọ, kẹ́ ẹ wá tẹ Éńtà."

"Àṣẹ kẹ̀? Wọ́n bí i mọ́ mi ni!"

Wọ́n ní kí kálukú dá fódà kan, àpò tí à ń kó fáìlì sí, sílẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ pàṣẹ, ó sọ tirẹ̀ ní Victoria, ó tẹ Éńtà. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Bí a bá rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ẹrú, ṣebí ó yẹ kó fi tọmọ dáhùn!

Bóyá ìkíni ló ń wá. Ó tẹ "Ẹ káàárọ̀ o." Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò mọ àṣẹ yẹn.

"Ó ti dáhùn!" Fọlọ́runṣọ́ fò sókè. Ó tún pàṣẹ fódà rẹ̀. Ẹ̀rọ ní Victoria ti wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, a ti ń bára wa sọ̀rọ̀!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, ó ṣe bí wọ́n ń yẹ́ òun sí ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ béèrè páswọ́ọ̀dù. Ó ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kankan ò hàn. Ó gbá ẹ̀rọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó figbe ta: "Ọ̀gá, kíbọ́ọ̀dù mi ti kú! Mo tẹ 'Victoria Ìyàwó Mi', kò jáde!"

Yéè! Gbogbo ojú yí sí Victoria. Ojú tì í débi pé ó fi ìwé bo orí.

"Bọ̀ọ̀dá," Akínyẹmí ní, "páswọ́ọ̀dù kì í hàn. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í sọ̀sọkúsọ. Bó bá dákẹ́, ó ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Fọlọ́runṣọ́ dọ́kàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Irọ́ ni! Ẹni tó bá dákẹ́, ó ti gbà.

Bí wọ́n ṣe parí, ó bá Victoria nídìí àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. "Victoria, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Victoria lanu sílẹ̀, ó ń wò ó. Kò fọhùn.

"O ṣeun!" Fọlọ́runṣọ́ ti sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Florence.

Nígbà tó di Sátidé, àwọn méjèèjì kó iṣu sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé àwọn Victoria ní Òkókómáíkò. Àǹtí Florence jókòó ti iṣu nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì. Fọlọ́runṣọ́ wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́, kí lẹ wá ṣe?" Victoria béèrè.

"A wá mọ àwọn òbí rẹ ni. Ṣebí o dákẹ́ fún mi?"

"Àkàrà gbígbóná ló wà lẹ́nu mi! Kí n tó gbé e mì, ẹ ti sá lọ!"

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní àfẹ́sọ́nà òun ti wà tẹ́lẹ̀. Ó dórí páswọ́ọ̀dù, ó dórí fódà, ó ní láti ọjọ́ náà, ìyàwó Linux ni gbogbo kíláàsì ń pe òun. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ jáde, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá a lọ.

Àǹtí Florence na ọrùn láti inú kẹ̀kẹ́. "Fọlọ́runṣọ́! Ṣé ó ti dákẹ́, ká máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Àǹtí," ni Fọlọ́runṣọ́ wí, "ẹ má sọ iṣu yẹn kalẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀."