Bàtà Tí Wòlíì Wọ̀ Sí Sùtánà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ẹ̀rín sì fẹ́ pa àwọn ìjòyè. Wòlíì Májẹ́kódùnmí, olórí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko, ló gbé e wá, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ ìjọ ti fẹ́ tú ilé rẹ̀ ká. Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀, ìyá Ọmọ́wùmí, ti di ẹrù, ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìlaró. Báàgì ẹrù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe jókòó yẹn. Wòlíì ò wo Baálẹ̀, kò wo ìjòyè, báàgì yẹn ló ń wò.

"Wòlíì, rò fún wa," ni Baálẹ̀ wí.

"Kábíyèsí, Ìyá Ìbídùn yìí ló bà mí jẹ́. Ó ń sọ kiri pé mo ní àlè ní Ajangbadi."

Ìyá Ìbídùn, olórí àwọn ìyá aládùúrà nínú ìjọ náà, fò dìde kí wọ́n tó pè é.

"Háà! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ olórí mi láìdáa! Èmi ò ṣòfófó o, Kábíyèsí. Kókó àdúrà ni mo gbé kalẹ̀."

"Kókó àdúrà báwo?"

"Ní ìpàdé Ọjọ́rú wa ni. Mo ní, ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ ká fi àdúrà ran Wòlíì wa lọ́wọ́, kí Ọlọ́run gbà wọ́n lọ́wọ́ obìnrin Ajangbadi."

"Obìnrin wo?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Kábíyèsí. Ìdí tí mo fi ní ká gbàdúrà nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ láàfin. Wòlíì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí gan-an?"

"Mo rí wọn ní Iyana-Iba lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń ti Ajangbadi bọ̀. Sùtánà wà lọ́rùn wọn, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ wọn!"

Ọ̀tún Baálẹ̀ ya ẹnu. "Bàtà ló wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ ò mọ ìlànà wa ni, Olóyè. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Wòlíì yìí kan náà ló lé ọkọ mi jáde nínú ìsìn tìtorí ìbọ̀sẹ̀! Sílípáàsì obìnrin ni wọ́n sì wọ̀, pupa, òdòdó wà lórí ẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà obìnrin jáde, níbo ló bọ́ tiẹ̀ sí?"

"Ṣebí o ní kì í wọ bàtà tẹ́lẹ̀. Èwo ló fẹ́ bọ́?" ni Ọ̀tún wí.

Ìyá Ìbídùn ronú díẹ̀. "Ìyẹn náà wà lára ohun tí mo ní ká gbàdúrà sí."

Ó ní Bíbélì ti wí pé a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀sùn sí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, òun sì mú méjì wá. Ẹ̀hìndé akọrin ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Bàtà gogoro ni, Kábíyèsí, dúdú. Eré ni wọ́n ń sá. Ọkọ obìnrin yẹn ń lé wọn bọ̀ tòun tàdá."

"Níbo lo dúró sí?"

"Mi ò sí níbẹ̀, sà. Ìyá Fẹ̀hìntọlá ló gbé e wá síbi àdúrà àwa akọrin."

Ìyá Fẹ̀hìntọlá, ẹlẹ́rìí kejì, fariga. "Irọ́ ni! Mi ò dárúkọ àdá. Mo ní obìnrin náà ti lóyún oṣù márùn-ún ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá Ìbídùn ni."

"Èmi? Mo kàn ní ká gbàdúrà kó má baà lóyún ni!"

Baálẹ̀ nu ojú. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ojú kan ṣoṣo ló rí nǹkan. Wòlíì, bàtà ta ni?"

Wòlíì tún wo báàgì. "Kábíyèsí, Ẹ̀mí ló ní kí n wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀mí wo?" Obìnrin kan ló fèsì lẹ́nu ọ̀nà. Àdìjá ni, ẹni tó ní kẹ́míìsì ní Ajangbadi. "Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ̀ ń dá ẹjọ́ sílípáàsì pupa níbí, ni mo bá ní kí n wá gba tèmi. Ìṣó gún bàbá yìí lẹ́sẹ̀. Mo fọ egbò, mo gún wọn lábẹ́rẹ́, mo yá wọn ní bàtà kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí."

"Abẹ́rẹ́!" Gbogbo ọmọ ìjọ tó wá gbọ́ ẹjọ́ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dárúkọ àlè. Wòlíì ló máa ń wàásù pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ti tàbùkù omi àdúrà.

"Ó burú ju obìnrin lọ!" ni Ìyá Ìbídùn wí. "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

"Jókòó síbẹ̀!" ni Baálẹ̀ wí.

Fọláṣadé wá kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, èmi ò gba ti àlè gbọ́ rí. Ta ló fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi? Wọ́n ń tiro nínú ilé, mo bi wọ́n, wọ́n ní Ẹ̀mí ló gun àwọn. Mo ní omi gbígbóná nílé, mo ní òwú. Wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ fún ẹlòmíì fọ̀. Ìyẹn ló dùn mí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti Wòlíì, kò lè gbórí sókè.

Baálẹ̀ dájọ́.

"Ìyá Ìbídùn, ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Gbogbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀, láti Okokomaiko dé Iba, wàá fẹsẹ̀ lásán rìn débẹ̀ nínú oòrùn, wàá kúnlẹ̀, wàá ní, 'Ẹ bá mi gbàdúrà, irọ́ ni mo pa.' Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ á máa ṣe Àmín. Ìwọ Wòlíì, lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú pẹpẹ, wàá sọ fún ìjọ pé ìṣó gún ọ, o sì gba abẹ́rẹ́."

Wòlíì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, mo bẹ̀ yín. Ṣé wọn ò kúkú lè máa sọ ti obìnrin yẹn lọ?"

Fọláṣadé dìde, ó gbé báàgì, ó kọrí sọ́nà.

Wòlíì tiro tẹ̀lé e. "Ìyá Ọmọ́wùmí, dúró! Mo máa sọ ọ́! Mo máa sọ ibi tí wọ́n gún un sí pàápàá!"