Odi Tó Sé Alága Mọ́ Ìta

Odi tí àwọn ará àdúgbò kan mọ yí ara wọn ká ti sé alága wọn mọ́ ìta. Alága yìí ló pinnu ibi tí odi náà máa gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀kì fà á.

Télọ̀ ni. Nígbà tó kó dé, ilé mẹ́ta péré ló wà nínú igbó tó wá di àdúgbò náà: ti káfíńtà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti ẹni tó ń sin adìyẹ lọ́wọ́ òsì, tirẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Ṣáà máa bọ̀ ní àárín gbùngbùn."

Nígbà tó yá, wọ́n da ọ̀dà sí títì kan ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé bá ń tẹ̀ lé títì bí èèrà ṣe ń tẹ̀ lé ṣúgà. Káfíńtà kó lọ síbẹ̀, ó tú òrùlé rẹ̀ dání. Ẹni tó ń sin adìyẹ náà lọ, tòun tadìyẹ. Ilé ń hù bí olú. Ilé télọ̀ nìkan ló kù lẹ́yìn kòtò àgbàrá, tí koríko yí i ká.

Àmọ́ lọ́kàn Alága, àárín ló ṣì wà.

Lójú tirẹ̀, àwọn yòókù ni wọ́n ń gbé ní ẹ̀bá ìlú.

Nígbà tí olè wá fẹ́ fi àdúgbò náà ṣe ilé, ìpàdé àdúgbò ní kí wọ́n mọ odi yí i ká. Ẹnì kan dábàá géètì méjì. Alága ní ẹ̀wù kì í ní ọrùn méjì. Ẹlòmíràn dábàá pé kí wọ́n pe awọnlẹ̀. Alága ní kí ni awọnlẹ̀ fẹ́ wọ̀n tí òun ò tíì wọ̀n rí. Ẹni tó ń wọn ikùn àwọn bàbá olówó tí wọn ò sì bínú, ṣé ilẹ̀ ló máa wá ṣòro fún?

Bíríkìlà bá rìn yí ká, ó ya ilé kọ̀ọ̀kan sórí bébà ńlá tí Alága fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ. Alága tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ó wò ó títí. Àdúgbò náà rí bí ẹ̀wù alápá kan. Gbogbo ara rẹ̀ gún régé, àfi apá gbọọrọ tó yọ sẹ́yìn, tí ilé kan ṣoṣo jókòó sí ṣóńṣó rẹ̀.

Alága fi ìka sí àárín bébà. "Ibi tí mo wà nìyí."

Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni ìka rẹ̀ bà lé.

Bíríkìlà la ẹnu, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ti dé ìdí apá ẹ̀wù náà. "Ta ló wá lọ kọ́lé sínú igbó báyìí?" ni Alága wí. "Ẹ gé e."

"Alága, ilé tó wà níbẹ̀ yẹn..."

"Mo ní ẹ gé e. Ẹni tó bá ń bínú, ẹ ní kó wá bá mi nílé."

Fìììì! Ó fà á. Ó ní bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kan aṣọ, àríyànjiyàn ti parí, kí ẹnikẹ́ni má fóònù òun nítorí odi. Ó bá gbéra, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo odi bó ṣe ń ga sókè láàárín òun àti àdúgbò. Kí ọkọ tó lọ, ó ti bi í léèrè ibi tí odi máa gbà. Ọkọ ní ọ̀rọ̀ odi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Màmá bá gbájú mọ́ ilé ìdáná rẹ̀. Ó sì ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí odi ti ga kọjá orí èèyàn, kò sẹ́ni tó tún wá kan ilẹ̀kùn pé adìyẹ aládùúgbò jẹ àgbàdo òun. Oorun ọ̀sán wá dùn bí oyin.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò yan alága ni Alága padà dé, odi sì ti parí. Igbákejì rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, ti ń wo àga náà tipẹ́ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Òfin ìpàdé kò sì lọ́jú pọ̀: ará inú odi nìkan ló lè jẹ alága.

Géètì tuntun ń dán yanran. Ẹ̀ṣọ́ tuntun dúró síbẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ rí. Èmi ni Alága."

"Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, sà. Alága ló ní kí àlejò kankan má wọlé, àfi kí ẹni tó ń gbé inú odi wá mú un. Ibo nilé yín wà?"

"Àárín gbùngbùn."

Ẹ̀ṣọ́ rò ó díẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà níbẹ̀, sà."

Alága fóònù ìyàwó rẹ̀ pé kó wá mú òun wọlé. Ìgbà tí màmá máa yọ, ẹ̀yìn Alága ló ti yọ, láti ìta, tí gbogbo sálúbàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kí i dáadáa, ó bi òun náà pé ta ló fẹ́ rí.

"Ọkọ mi ni mo wá mú."

"Ṣé inú odi ló ń gbé?"

"Rárá o. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

Bíríkìlà ló wá mú Alága wọlé níkẹyìn, kò sì lè wojú rẹ̀. Alága ní òun á kọ́kọ́ gbé àpò sílé. Ó ń lọ kánmọ́kánmọ́ lójú ọ̀nà tó ti ń tọ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Gbàm!

Iwájú orí rẹ̀ kan búlọ́ọ̀kù. Ó gbójú sókè, ó rí òrùlé ara rẹ̀ lókè odi.

"Ta ló gbé ilé mi lọ síbẹ̀ yẹn?"

"Wọn ò gbé e, sà," ni Bíríkìlà wí jẹ́jẹ́. "Apá ẹ̀wù tí ẹ ní ká gé ni."

Àwọn ará ìpàdé ti ya dé. Alága bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀kùn kékeré kan níbẹ̀, kó ṣáà lè gba èèyàn kan kọjá. Igbákejì wúkọ́, ó ní ẹ̀wù kì í ní ọrùn méjì. Inú bí Alága. Ó ní òun á fi hàn wọ́n pé ilé òun kò jìnnà. Ó fa àkàbà, ó gun odi lọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan sọdá. Ó ti gbàgbé pé òun ló ní kí wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí odi.

Fàààà!

Ṣòkòtò télọ̀ ya láti ìbàdí dé orúnkún. Ẹsẹ̀ kan wà nínú, ẹsẹ̀ kan wà níta, atẹ́gùn ń wọlé.

Ibẹ̀ ni ìpàdé ti wáyé. Igbákejì ní ará ìta ni. Káfíńtà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n gbà pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí odi, alága ni. Bó bá sọ̀ sí inú, àlejò ni. Bó bá sọ̀ sí ìta, ó ti tán.

Alága ní òun ò ní sọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga fún mi," ni Káfíńtà wí, "ẹ̀rín ń pa mí."

Oòrùn rọ̀. Ohùn màmá bá dún láti ìsàlẹ̀ lóde: "Bàbá, mo ti gbé àkàbà síbí. Oúnjẹ ti fẹ́ tutù."

Alága wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó fa imú, ó gbóòórùn ọbẹ̀.

Gbì! Ó sọ̀ sí ìdí oúnjẹ.

Ní báyìí, Igbákejì ti gba àga. Ilé tuntun díẹ̀ sì ti ń hù lẹ́yìn odi, àwọn tó ni wọ́n ti fi télọ̀ jẹ alága. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn náà á mọ odi. Bíríkìlà ló gba iṣẹ́ náà.