Ìrọ̀lẹ́ Tí Ààfin Òkè-Ayùnrẹ́ Pọ́n

Mo fi ọwọ́ lé àyà, mo sì ṣèlérí níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Tó bá wá gùn, ẹjọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni. Èmi kò rán wọn níṣẹ́.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni wọ bàtà tí kò mọ ẹni tó rán an. Òwe àtijọ́ ni. Yóò tó bí ọdún márùn-ún báyìí. Àwọn kan ń jiyàn pé àwọn baba ńlá wa ti ń pa á kí wọ́n tó bí èmi gan-an. N kì í bá wọn jà. Àwọn baba ńlá wa gbọ́n. Wọ́n a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ní ìlú wa, Òkè-Ayùnrẹ́, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilé ọba kò dára. Èèwọ̀ ni kí a tú ààfin láti tún un kọ́, àfi tí iná bá jó o. Ọba alára kò sì gbọdọ̀ sun ibòmíràn, àfi bí iná bá lé e jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti fi adé sílẹ̀ nìyẹn. Òfin tó dára gan-an ni, fún ilé tí kì í jò.

Ààfin wa ń jò. Kábíyèsí Aláyùnrẹ́ a máa ṣí agbòjò lórí ibùsùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ìjòyè á wọlé, wọn á dọ̀bálẹ̀ sínú omi, wọn á ní, "Kábíyèsí, ilé dára."

Kábíyèsí á ní, "Ó dára." Lẹ́yìn náà á wúkọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ikọ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Òjò tuntun sì ti ń ṣú lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí òjò ọ̀hún bá bá a nínú ilé yẹn, ọba mìíràn la ó máa wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ilé kò dára?

Tíṣà Àyọ̀ká ni. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa, iṣẹ́ tí èmi ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Nígbà tí mò ń lọ, mo fi rúlà onígi kan lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ àti ìmọ̀ràn púpọ̀. Rúlà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni n kò tíì gbúròó.

Kò kúkú nílò rẹ̀. Obìnrin yìí ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí sọ́fúwíà ìyàwòrán ilé wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yin ẹ̀rọ yìí díẹ̀, nítorí ó tọ́ sí i ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti yìn lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ya ilé sójú pátákó. Bí mo bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ẹ̀yìn ilé, màá ní kí wọ́n fọkàn yàwòrán rẹ̀. Àwọn kan á fọkàn yà á, àwọn yòókù á sùn. Ṣùgbọ́n Tíṣà Àyọ̀ká á kàn fi ìka kan yí ilé náà po, bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà. Á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á gun àtẹ̀gùn, á yọjú lójú fèrèsé. Ibì kan tilẹ̀ wà tó ti ń pàṣẹ fún oòrùn. Ó ní kó yọ, oòrùn á yọ. Ó ní kó wọ̀, á wọ̀, òjìji igi á sì nà gbọọrọ sílẹ̀. Kíláàsì tèmi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni bọ́tìnì kan tó máa ń dá àṣìṣe padà. Èèyàn á wó ògiri, á tẹ̀ ẹ́, ògiri á tún dìde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo wá àga jókòó. Mo ro ìgbésí ayé mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ẹ tún un tẹ̀ kí n wò ó."

Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nílé. "Ọ̀gá, mo ti ya ààfin."

"Èwo nínú ààfin?"

"Èyí tó wà, àti èyí tó yẹ kó wà. Mo fẹ́ fi han Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè. N kò ní sọ pé èyí tó wà kò dára o. Màá kàn gbé méjèèjì síwájú wọn. Kò sí èèwọ̀ nínú kí èèyàn lajú."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa nílùú ni?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ bí Kábíyèsí ṣe wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ègbè orin ni."

Ó wò mí títí ojú fi tì mí. Mo bá a lọ.

Bí oòrùn ṣe ń rọ̀, wọ́n to àga síwájú ààfin. Kábíyèsí jókòó láàárín, olorì àti gbogbo ará ilé jáde wá wòran. Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ju àwòrán sára ògiri, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri iwájú ààfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Èmi ni mo tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Jẹnẹrétọ̀ àgbà ni, òun náà ń wúkọ́. Olóyè Àró, tó jẹ́ àgbà gbogbo ìjòyè, ti sùn. Ó máa ń tètè sùn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà pẹ́.

Àwòrán ààfin wá hàn lára ààfin. Tíṣà ní èyí tó wà nìyí, pé èyí tó yẹ kó wà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì yí i po. Ó fi òrùlé hàn, tòun ti gbogbo ihò ara rẹ̀.

Àwọn ìjòyè na ọrùn wò ó. Olóyè Ọ̀tún ló fọhùn. "Àwọn ihò náà dára."

Kábíyèsí ní, "Wọ́n dára." Ó wúkọ́.

Tíṣà ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n fi bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń gba inú ihò wọ̀nyẹn wọlé hàn yín." Ló bá pàṣẹ fún oòrùn pé kó wọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oòrùn gbọ́ràn. Ògiri ààfin pọ́n wẹ̀ bí epo tó wà lórí iná. Ìmọ́lẹ̀ pupa ń jó lójú fèrèsé. Àsìkò yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ mi tu èéfín dúdú kan tó gba orí òrùlé kọjá. Àsìkò yẹn náà ni Olóyè Àró jí.

"Iná! Iná ọba o!"

Ní ìlú wa, omi là ń dà sí iná ọba, a kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ rí ààfin lókèèrè tó pọ́n. Wọ́n gbé garawa, wọ́n gbé bàsíà, wọ́n gbé ìkòkò ìyálé. Adẹ́mu kan gbé akèrègbè ẹmu rẹ̀ dà sí i, ó ń sunkún bó ṣe ń dà á.

Tíṣà ń pariwo, "Àwòrán ni! Ẹ gbà mí o, àwòrán ni!" Ta ló ráyè gbọ́? Ló bá pa kọ̀ǹpútà dé gbàgà. Ògiri ṣókùnkùn.

Ariwo ayọ̀ sọ. "Ó ti kú! Omi ti pa á!" Olóyè Àró nu ojú rẹ̀ bí ajagunṣẹ́gun.

Ìgbà náà ni Tíṣà rántí pé òun kò tíì fi àwòrán ààfin tuntun pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí òrùlé rẹ̀. Bí òun bá pàdánù rẹ̀, Kábíyèsí pàdánù ilé nìyẹn. Ó rọra ṣí kọ̀ǹpútà díẹ̀. Ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀, àwòrán wọ ibi ìpamọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn tí a ní kó wọ̀ kò tíì wọ̀ tán.

"Ó tún ràn o!"

Omi ẹ̀ẹ̀kejì yìí kì í ṣe ti bàsíà mọ́. Gàníyù, tó ń ta omi fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ló wa tánkà omi rẹ̀ dé, ó sì kọ ẹnu rọ́bà sí ògiri. Ògiri alámọ̀ kì í bá tánkà jiyàn. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó sì tẹ̀. Òrùlé wá rọra sọ̀ kalẹ̀, bí àgbà tó ti ìrìn àjò dé tó rí àga. Nígbà tí kò sí ògiri mọ́, àwòrán ààfin pupa náà kọjá lọ bà lé igi ayùnrẹ́ tó wà lẹ́yìn, níbi tí kò ti sí ẹni tó dà á láàmú.

Gbogbo ìlú dúró, tàwọn ti bàsíà lọ́wọ́.

Mo sún mọ́ Tíṣà. Mo ní, "Ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Kábíyèsí dìde. "Kí ló wó ilé mi?"

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Bí kì í bá ṣe iná, a kò gbọdọ̀ tún ilé kọ́, ọba kò sì gbọdọ̀ sun ìta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, adé ti bọ́. Ẹni tó bá sì kígbe iná lásán sí ilé ọba, fìlà oyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Olóyè Àró fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

Olóyè Ọ̀tún ní, "Kábíyèsí, n kò rí eérú."

Àró ní, "Omi ti fọ̀ ọ́ lọ."

"N kò rí èédú."

"Iná òde òní ni. Kì í ní èédú. Ọ̀tún, kí lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn?"

Ọ̀tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bàsíà ni."

"Ṣé ààfin tí iná kò jó lẹ fi bàsíà yẹn wó?"

Ọ̀tún fi bàsíà pamọ́ sẹ́yìn. "Kábíyèsí, ó jó."

"Ó jó!" Gbogbo ìlú dáhùn, kálukú ń gbé garawa tirẹ̀ sẹ́yìn.

Àró ní, "Ó tilẹ̀ jó mi nírùngbọ̀n." Omi ń kán tó-tó-tó lára irùngbọ̀n ọ̀hún.

Kábíyèsí yíjú sí Tíṣà Àyọ̀ká. "Tíṣà, ìwọ tó ń kọ́ ọmọ wa pé kí wọ́n má purọ́. Kí lo rí?"

Tíṣà kúnlẹ̀, ó fi ìborùn bo kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. Ó ní, "Kábíyèsí, mo fojú mi rí i tí ààfin pọ́n."

Kábíyèsí ní, "Ó pọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀." Ikọ́ wá gbà á, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ikọ́ ni àbí ẹ̀rín. A kì í bi ọba. "Èwo wá ni èyí tó yẹ kó wà?"

Ara tánkà Gàníyù tó funfun ni Tíṣà ju àwòrán náà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀, fèrèsé gùn, òrùlé kò ní ihò kankan tí à bá yìn. Ẹnu yà wá.

Olóyè Àró ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ níbẹ̀, kí n wò ó."

"Rárá!" Gbogbo ìlú ló ké e.

Ilé Olóyè Ọ̀tún ni Kábíyèsí sùn, bí òfin ṣe gba ẹni tí iná lé jáde láyè. Kí òjò tó le, ààfin tuntun ti dúró, bí ó ṣe wà nínú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́. Ikọ́ lọ. Àlejò tó bá sì dé, tó dúró, tó la ẹnu sílẹ̀, Olóyè Àró á fọwọ́ ra irùngbọ̀n, á ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Àwọn àlejò ló gbé e lọ. Ibẹ̀ lẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iná kankan kò jó níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́, òfin ní a gbọ́dọ̀ dá ààfin padà sí bó ṣe wà, tòun ti ihò rẹ̀, Tíṣà sì ti sọ fún mi pé agbára bọ́tìnì yẹn kò dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ilé ọba jó. Ẹwà ló sì bù sí i.