Baálẹ̀ Wọ Dúdú, Baálẹ̀ Wọ Funfun

Òótọ́ pọ́nńbélé ni ìtàn yìí. Mo fi irin kan ahọ́n búra. Ó dáa, irin náà kì í ṣe ọ̀bẹ, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyá mi ni, ètè ni mo sì fi kàn, kò dé ahọ́n. Ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbúra.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ẹni tí kò bá ka dúdú òun funfun kún àwọ̀, kó bi ewúrẹ́ léèrè? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Òkè-Ẹlú, ìlú wa, ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìlú mìíràn tó ti lè ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ìlú tó mọ aṣọ í pa láró bíi tiwa. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó mú aṣọ tiwọn wá, ká jọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó ilé méjì kan wà nínú agbo ilé wa, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ wọn. Àwẹ̀ró, ìyáàlé, ni aláró: òun ló ń ki aṣọ bọ ìkòkò aró, tó ń sá a. Mopélọ́lá, ìyàwó kékeré, ni ọlọ́nà: òun ló ń ro ẹ̀kọ láfún, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹyẹ sára aṣọ kó tó dé inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í mú un. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ẹyẹ funfun á yọ lórí aṣọ dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ méjì, aṣọ kan.

Wọn kò jà rí, àfi ìgbà tí oyè Ìyá Aláró ṣófo. Ìyá Àwẹ̀ró ti jẹ oyè náà rí, láti kékeré ni Àwẹ̀ró sì ti ń wo àpótí ìjókòó oyè yẹn bí ọmọ tébi ń pa ṣe ń wo iṣu lórí iná. Baálẹ̀ gbé aṣọ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe sókè, ó ní, "Ẹni tó fi àwọ̀ sí aṣọ yìí ni mo fi oyè fún."

"Èmi ni, Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ wo ọwọ́ mi, aró dé ìgbọ̀nwọ́."

Mopélọ́lá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ìyáàlé mi, ẹ má bínú. Ta ló ya àwọn ẹyẹ?"

"Ẹyẹ wo? Ibi tí aró mi ò dé lò ń pè ní ẹyẹ! Ìyàwó, funfun kì í ṣe àwọ̀. Bí aṣọ ṣe ti ọjà dé nìyẹn."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Dúdú gan-an kì í ṣe àwọ̀. Ẹni tó bá ti dijú ti rí i. Àbí ẹ̀yin náà lẹ ń pa ìpéǹpéjú àwọn èèyàn láró?"

Ariwo ta. Baálẹ̀ ní kí kálukú lọ ṣe aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá kí òun ní ọjọ́ kẹsàn-án. Aṣọ tí àwọn àlejò bá pariwo "Háà!" sí, ẹni tó ṣe é ló jẹ oyè.

Àwẹ̀ró ki aṣọ tirẹ̀ bọ aró nígbà mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹyẹ, kò sí ewé. Ó dúdú débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹ ò ní í rí eṣinṣin mọ́. Mopélọ́lá ní òun ò ní í gba ẹ̀bá ìkòkò aró kọjá. Ó ya igba ẹyẹ sórí aṣọ funfun, ó sì fi ẹ̀kọ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kọ funfun lórí aṣọ funfun! Ó gbẹ, ó le gbagidi, wọ́n gbé e ti ògiri bí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Baálẹ̀ kọ́kọ́ da aṣọ Àwẹ̀ró bora láti orí dé àtàǹpàkò, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ àkòdì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè wọlé láti inú oòrùn, ó wò yíká.

"Baálẹ̀ yín dà?"

"Wọ́n wà lórí ìjókòó," ni àwọn ará ilé dáhùn.

Àlejò ní kí òun náà jókòó dè wọ́n. Ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ará Òkè-Ẹlú, àga yín gbóná díẹ̀ o."

"Ọ̀rẹ́ mi," ni àga dáhùn, "dìde lórí itan mi."

"Háà!" ni gbogbo àlejò ké.

"Wọ́n ti pariwo!" ni Àwẹ̀ró wí. "Oyè ti bọ́ sí mi lọ́wọ́!"

"Ti ẹ̀rù nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Kò kà."

Ó bọ́ dúdú, ó wọ funfun. Èèyàn mẹ́rin ló tì í wọnú rẹ̀, bí ẹni ń ki iṣu bọ àpò. Ó jáde sí gbangba oòrùn. Ó fẹ́ tẹríba kí àwọn àlejò, aṣọ ní rárá.

"Igba ẹyẹ ló wà lára rẹ̀!" ni Mopélọ́lá ń pariwo.

"Níbo?" ni àwọn àlejò ń béèrè, wọ́n ń ranjú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí ẹyẹ. Ewúrẹ́ ilé wa ni, Má-bínú lorúkọ rẹ̀. Ó gbóòórùn láfún, ó rìn wá, ó lá ẹyẹ kan ní orúnkún Baálẹ̀. Ó dúró, ó ronú. Ó lá èkejì. Ó wá ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ìtumọ̀ ìyẹn lẹ́nu ewúrẹ́ ni pé: ẹ máa bọ̀ o, oúnjẹ ti dé, ó tún dé fìlà.

Ewúrẹ́ mọ́kànlá ló jẹ́ ìpè. Baálẹ̀ sá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká, ẹ wo bó ṣe máa sáré! Bí àkàbà ló ń sá lọ, ewúrẹ́ ń lá a lẹ́yìn, wọ́n ń lá a níwájú, títí ó fi já sí ọgbà aláró.

"Bàbá, ìkòkò!" ni Àwẹ̀ró ké. "Ìkòkò wà níwájú yín!"

Jàbú!

Ìkòkò Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹgbẹ́ ìkòkò ẹlòmíràn: ẹ̀ẹ̀kan tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá tiwọn ni. Nígbà tí wọ́n fa Baálẹ̀ jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti hewú tún ti di ti ọ̀dọ́. Mopélọ́lá ha ẹ̀kọ tó kù lára aṣọ náà. Ibi tí ahọ́n ewúrẹ́ ti kọjá dúdú bí ìkùukùu òjò. Láàárín rẹ̀, ẹyẹ funfun ń fò, òmíràn ní apá kan, òmíràn ń bojú wẹ̀yìn.

"Háààà!" Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè ṣí fìlà. "Àwọ̀ rèé! Ta ló ṣe é?"

Àwẹ̀ró la ẹnu. Baálẹ̀ wa, tí aró ń kán tó tó lára rẹ̀, dá a dúró. "Kó o tó dáhùn, Àwẹ̀ró, yọ funfun ìyàwó rẹ kúrò lára rẹ̀, kí tìrẹ nìkan kù."

Àwẹ̀ró wo aṣọ, ó wo àpótí oyè ìyá rẹ̀. Bó bá yọ ọ́, àga gbígbóná ló kù.

"Kò ṣeé yọ, Bàbá. Funfun rẹ̀, àwọ̀ ni."

Mopélọ́lá kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí tòun tẹnu. "Dúdú tiyín náà ni, Ìyáàlé mi. Láìsí i, ewúrẹ́ nìkan ni ì bá mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́."

Báyìí ni Àwẹ̀ró ṣe jẹ Ìyá Aláró, tí Mopélọ́lá jẹ Ọ̀tún rẹ̀. Àwọn àgbà ní oyè tó ní Ọ̀tún gbọ́dọ̀ ní Òsì. Baálẹ̀ bi wọ́n pé, "Nínú gbogbo yín, ta ló kọ́kọ́ rí àwọ̀ lára mi?" Ni wọ́n bá já ewé oyè lé Má-bínú lórí. Ó jẹ ewé náà tán kí wọ́n tó kí i kú oríire.

Títí dòní, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ewúrẹ́ nílùú wa. Tíṣà kan dé lọ́jọ́ kan, ó ní ìwé sọ pé dúdú àti funfun kì í ṣe àwọ̀. A ò bá a jiyàn. A kàn fi ọ̀nà agbo ewúrẹ́ hàn án, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tí kò bá ka dúdú òun funfun kún àwọ̀, kó bi ewúrẹ́ léèrè.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó dáa, mo jẹ́wọ́, ibi kan ni mo fi iyọ̀ sí. Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè kò jókòó lé ẹnikẹ́ni lórí itan. Àgbà ni, ó mọ ibi tí àga wà. Fìlà rẹ̀ ló kàn fi kọ́ Baálẹ̀ wa lórí, ó ṣe bí òpó ni.