Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá Wa

Ẹ bi ọ̀gá wa léèrè pé ta ni ìyá rẹ̀.

Èmi ni!

Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. A ò bá ara wa tan, a ò jọ gbélé rí, síbẹ̀ kọ̀mpútà ní èmi ni mo bí i. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín.

Ilé ìtẹ̀wé ni a ti ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta ni wá nínú ọ́fíìsì: ọ̀gá, èmi tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀mpútà, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Táípù, àti Bàbá Àmì, àgbàlagbà tó ń yẹ iṣẹ́ wò, tí kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan ṣoṣo já bọ́ lórí ọ̀rọ̀. Èmi ò lọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀mpútà kankan o. Orí tábìlì ìdáná ni mo ti kọ́ ara mi, ìka méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí mo bá jókòó tì í, tàtàtàtàtà! Ẹ ó rò pé òjò ń rọ̀ sórí páànù ni.

Ọ̀gá ńkọ́? Ówọ́njù là ń pè é lẹ́yìn. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ bi yín pé èló ni.

Àwọn kọ̀mpútà wa ti gbó. Bí ẹ bá tan ọ̀kan, ẹ lè lọ wẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ padà wá bá a níbi tó ti ń rò ó. Ló bá ra mẹ́ta tuntun. Òfìfo ni wọ́n dé. Obìnrin tó ń bá wa tún kọ̀mpútà ṣe, Ẹnjiníà là ń pè é, wá ṣàlàyé pé a gbọ́dọ̀ yan ètò tí ẹ̀rọ náà á fi máa ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ló wà: ti ilé àti ti ọ́fíìsì.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?" Ówọ́njù ló béèrè.

"Ọ̀gá, lójú, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ti ọ́fíìsì mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́. Ti ilé, bàbá, ìyá àti ọmọ nìkan ló mọ̀."

"Èwo ló wọ́n?"

"Ti ọ́fíìsì ni."

"Ó wọ́n jù! Ṣé ẹbí kan náà kọ́ ni gbogbo wa níbí?"

Ẹbí! Ẹ̀rín ń pa mí!

Ọkùnrin tó ń gba fóònù wa láàárọ̀, tó ń kó o sínú dúrọ́ọ̀, tó ń tì í pa títí di ìrọ̀lẹ́! Ọkùnrin tí mo kọ lẹ́tà sí pé kó fún mi láyè ọjọ́ kan péré kí n lọ yẹ ojú mi wò, torí jígí ojú mi ti fọ́. Ó ní kí n fi lẹ́tà sórí tábìlì òun, òun á wò ó. Àbí ẹ mọ ibi tó fi í sí? Abẹ́ ife tíì! Ó ń gbé ife lé e láràárọ̀, tíì ń ya òrùka sí i lára. Ìka mi ló ń bá mi ríran nídìí iṣẹ́.

Ẹnjiníà mi orí. "Ọ̀gá, ẹni tó bá wọ sálúbàtà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kó má bínú sí ìṣó o."

"Ìwọ ṣáà máa lọ. Èmi fúnra mi ni màá tò ó."

Ó tò ó lóòótọ́. Ẹ̀rọ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́, ó ní ṣebí ilé iṣẹ́ ló rà á. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ wa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ni ẹ̀rọ bá ní, háà, ọmọdé rèé! Ó ní kó lọ pe bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá.

"Àǹtí, ẹ wá fi orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà fóònù yín síbí."

Èmi rò pé ó fẹ́ ra kéèkì fún mi lọ́jọ́ ìbí mi ni! Inú mi dùn. Mo tẹ̀ ẹ́, tàtàtà.

Bí mo ṣe bímọ láìlóyún nìyẹn.

Kò kọ́kọ́ sí wàhálà, torí Ówọ́njù kì í pẹ́ nídìí kọ̀mpútà. Bó bá ti pa á, ìràwọ̀ kan á yọ lójú ẹ̀rọ: "O káre, ọmọ dáadáa!" Ó ní kọ̀mpútà ń kí òun torí òun kì í fi iná ṣòfò.

Títí di Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ilé ìwòsàn ńlá kan fẹ́ tẹ káàdì àwọn aláìsàn. Ilé ìtẹ̀wé tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ lórí kọ̀mpútà kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ọ̀gá ti sọ fún wa ní gbangba: bí a ò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, òun á ti ilẹ̀kùn lópin oṣù, kí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ní òun fúnra òun ló máa kọ ìwé náà lórí kọ̀mpútà òun, kí ẹnikẹ́ni má rí iye tí òun fẹ́ gbà. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló jókòó.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ géérégé, tìrìnnn!

Ojú kọ̀mpútà di búlúù. Ehoro kan yọ. Ó dé fìlà, ó há ìrọ̀rí sí abíyá. Ó ní: "Wákàtí méjì rẹ ti pé. O ti ṣeré tó lónìí. Bí o bá fẹ́ sí i, lọ bẹ ìyá rẹ."

Ówọ́njù tẹ ibí. Ó tẹ ọ̀hún. Gbà! Gbì! Ó lu tábìlì. Ehoro yán.

"Ìyá mi kẹ̀? Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí ìyá mi ti kú!"

Bàbá Àmì yọjú wò ó. "Ọ̀gá, orúkọ Àǹtí Táípù ló wà níbẹ̀ o."

Ó pe Ẹnjiníà lórí fóònù. "Ẹnjiníà, ehoro ti gba kọ̀mpútà mi!"

"Ehoro wo, Ọ̀gá?"

"Èyí tó dé fìlà!"

A gbọ́ ẹ̀rín láti inú fóònù, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! "Ọ̀gá, ọmọdé lẹ jẹ́ níbẹ̀ yẹn. Fóònù ìyá yín nìkan ló lè ṣí i. Ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa o."

Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fóònù yín dà?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, Ọ̀gá."

Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó tú àpò sókòtò. Ó tú àpò ẹ̀wù. Ó fàyà fà wọ abẹ́ tábìlì. Bàbá Àmì ló rí i: ọrùn ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wà.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

Ehoro ní kí ọmọ kọ ìdí tó fi fẹ́ àyè sí i. Ówọ́njù kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ ò fi àmì kankan sí i," ni Bàbá Àmì wí.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Fóònù mi ké, kíín! Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ tíntìntín, bí èèrà tó ń tò lọ. Bọ́tìnì méjì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Àǹtí! Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ojú ọ̀gá ò kúrò lára ehoro.

"Èwo nínú méjèèjì? Mi ò ríran, Ọ̀gá. Mo ṣáà kọ lẹ́tà sí yín."

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́! Àsìkò ń lọ!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Pọ́!

Ehoro mi orí. "Ìyá rẹ ní rárá. Lọ fọ eyín rẹ."

Yéè!

Ó tún fi kún un: "Ọmọ dáadáa kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó tún béèrè."

Àgbàlagbà mẹ́ta jókòó, à ń wo ehoro. Ehoro ń wò wá. Òógùn ń bọ́ lára ọ̀gá, tó, tó, tó. Bàbá Àmì ń gbàdúrà, ó ń fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, Ówọ́njù rọra ní, "Àǹtí, ojú yín yìí, láti ìgbà wo ló ti ń dà yín láàmú?"

"Ọjọ́ kejìlá rèé tí mo ti sọ fún yín."

Ó bọ́ jígí ojú tirẹ̀, ó fi í sí mi lójú.

Ayé mọ́lẹ̀! Mo rí eruku lórí fèrèsé. Mo rí ewú nínú irùngbọ̀n ọ̀gá. Mo rí lẹ́tà mi lábẹ́ ife, òrùka tíì mẹ́sàn-án lórí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n dá a dúró títí aago á fi lù, ṣùgbọ́n ilé tí ó bá wó, èmi náà ló ń wó lé.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kíín! Mo rí "Mo gbà" kedere. Pọ́!

Ehoro bẹ́ jó. "Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ!"

Ọ̀gá kọjú sí kọ̀mpútà, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá ògiri.

"Jígí mi! Ẹ dá jígí mi padà!"

Ó já a gbà lójú mi, fàì! Ìwé lọ, fùú! Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló buwọ́ lu lẹ́tà mi. Mo ti ní jígí tuntun nígbà tí fóònù mi ké lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ mi ni fóònù ń wà báyìí o. Ta ni ọmọ tó máa ti fóònù ìyá rẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀? Fóònù ní: "Ọmọ yín gba lẹ́tà láti ilé ìwòsàn kan tí a kò mọ̀. Ṣé kí a jẹ́ kó kà á?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. A rí iṣẹ́ gbà! Bàbá Àmì fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó balẹ̀.

Ówọ́njù sáré ra ti ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ béèrè iye. Ẹnjiníà dé, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ọ̀gá, kò gbà o. Ọmọ ò lè kúrò nínú ẹbí láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Àfi bí ẹ bá lè dúró kí ẹ pé ọdún méjìdínlógún."

Ó wá bá mi nídìí tábìlì mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Mo gbé jígí tuntun mi sókè. "Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ fi í sórí tábìlì mi. Màá wò ó."

Ó kọ ọ́. Ó wà lábẹ́ ife tíì mi níbí. Òrùka mẹ́ta péré ló tíì ní.