Kéèkì Ọgọ́ta fún Bàbá Ẹ̀rọ

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbínú ni. Ní tèmi, ẹnu ló ń ṣe mí. Kì í ṣe pé mo máa ń purọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́! Ẹnu mi ló máa ń dá sọ̀rọ̀. Tó bá sọ ọ́ tán, á wá bojú wẹ̀yìn, á ní kí n máa bọ̀ wá ṣe é.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ka gbogbo ohun tí a bá fẹ́ tẹ̀, tí mo ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde kó tó di ìwé. Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe bá mi lára mu tó: láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àṣìṣe ẹlòmíràn ni mò ń fi báírò pupa fà nídìí. Tèmi ńkọ́? Mi ò tíì rí ọ̀kan rí.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ń ṣe ọjọ́ìbí, tàbí tó yege ìdánwò, tàbí tó kó lọ sílé tuntun, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá ṣe kéèkì ṣokoléètì, àwọn kékeré tí wọ́n ń yan nínú kọ́ọ̀bù oníwèé. Kéèkì yẹn rọ̀ débi pé tí ẹ bá fi sẹ́nu, ẹ lè gbàgbé orúkọ ara yín. Ṣokoléètì yíyọ́ wà ní àárín rẹ̀, òmíràn tún wà lórí rẹ̀ tó ká róbótó bí ìkarahun ìgbín.

Lọ́jọ́ kan, méjìlá ṣẹ́kù níbi ọjọ́ìbí ọmọ wa obìnrin. Ìyàwó mi kó wọn fún mi pé kí n gbé e fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ìyá Aránwèé, ìyẹn obìnrin tó máa ń rán ojú ìwé pọ̀ tó sì ń lẹ èèpo mọ́ ọn, jẹ ọ̀kan. Ó di ojú.

"Háà! Ta ló ṣe èyí?"

Mo fẹ́ sọ òótọ́ o. Mo ti ya ẹnu fún òótọ́ gan-an. Ohun tó jáde ni: "Èmi ni!"

"Ìwọ? Irọ́ ńlá!"

"Èmi ni, mà. Ọwọ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni."

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Ọlọ́gbọ́n ìbá ti sá lọ. Èmi fìdí lé orí tábìlì, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní kòkó ni èèyàn á kọ́kọ́ dín nínú òróró títí á fi máa ta. Mo ní lẹ́yìn náà, á lu ẹyin títí ẹyin á fi tọrọ àforíjì. Ìyá Aránwèé kàn ń mi orí. Mo rò pé ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àgbà kéèkì nílé iṣẹ́ wa. Bí ẹnì kan bá ra búrẹ́dì lásán, á gbé e wá kí n wò ó. Màá fi ìka tẹ̀ ẹ́, màá fajú ro bíi dókítà, màá ní: "Wọ́n kánjú."

Bí mo ṣe ń jayé ọlá nìyí tí àkókò fi tó fún Bàbá Ẹ̀rọ láti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Ariwo ẹ̀rọ náà ti dí i létí díẹ̀, gbogbo eyín òkè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí dókítà ṣe fún un. Ọ̀gá wa bi í pé kí ló fẹ́ ká fi ṣe ayẹyẹ fún un.

"Ẹ má ra aago fún mi," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Ibo ni mo tún ń sáré lọ? Ẹ má sì ka ọ̀rọ̀ gígùn kankan sí mi, mi ò ní gbọ́ ọ. Kéèkì kékeré ìjọ́sí yẹn ni mo fẹ́. Ọ̀kan péré ni mo rí jẹ, mo ṣì ń fi lálàá."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹnu mi, ọ̀rẹ́ mi, ò dúró gba àṣẹ.

"Bàbá, ọgọ́ta ni màá ṣe fún yín! Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ máa jẹ ẹ́ débi pé ẹ ò ní fẹ́ fẹ̀yìn tì mọ́!"

Ọkàn mi balẹ̀. Màá délé, màá tu ìyàwó mi lójú, á ṣe é, màá gbé e lọ. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ kí n tó délé, Ìyá Aránwèé ti pè é lórí fóònù.

Bí mo ṣe wọlé, ìyàwó mi dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi. Obìnrin yìí kì í kúnlẹ̀ fún mi àfi tí mo bá ti dáràn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá oníkéèkì. Wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ yín. Wọ́n ní kí n tọ́jú yín dáadáa, pé irú ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ yín ò wọ́pọ̀."

"Gbọ́ ná..."

"Mo ti gbọ́. Mo tiẹ̀ gbọ́ pé dídín lẹ máa ń dín kòkó."

Ó ní òun ò bínú rárá. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí n fi ẹnu ara mi sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, òun á ṣe ọgọ́ta, òun á tún fi mẹ́wàá jàrà.

Ẹ gbọ́ o! Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ láìbéèrè, ẹnu tí kì í dákẹ́ nínú oorun pàápàá, ló wá takú lọ́jọ́ yìí. Ohun tí mo gbọ́ tó sọ ni: "Kí ló wà nínú kéèkì gan-an?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ìwé tí mo kọ ọ́ sí wà lórí fíríìjì."

Láàárọ̀ Sátidé, mo so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí. Ìyàwó mi gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ṣí ìwé ìròyìn. Mo ka ìwé orí fíríìjì débi tó kọ "ṣíbí méjì" sí fún páúdà tó ń mú kéèkì wú. Mo wo inú àpótí ṣíbí: oríṣi mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Ṣíbí wo lo máa ń lò?" ni mo fi ọgbọ́n bi í.

Ó ṣí ojú ewé. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀!" Mo mú èyí tí a fi ń bu ìrẹsì.

Mo pò ó, mo bu ú kún kọ́ọ̀bù dé etí, mo tì í sínú ààrò gáàsì. Láìpẹ́, mo yọjú wò ó. Ó ń wú!

"Wá wò ó! Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ẹ!"

Kò dìde. Kéèkì náà ò sì dúró. Ó wú kúrò nínú kọ́ọ̀bù, ó dì mọ́ aládùúgbò rẹ̀, gbogbo wọn para pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì ṣàn lọ sórí iná. Èéfín dúdú bo ilé ìdáná. Mò ń wúkọ́, omi ń jáde lójú mi, mo sì ń fi épírọ́ọ̀nù fẹ́ atẹ́gùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

Páúdà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò fi ẹyọ kan sí i. Mo rí i pé ó ṣàn jù, mo da ìyẹ̀fun sí i. Mo tún da sí i, títí ọmọrogùn fi dá dúró láàárín abọ́ bíi sójà. Mo yàn án. Kò wú. Ó tiẹ̀ ń sún kì bí ẹni tí ojú ń tì. Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ bóyá á yí ọkàn padà. Nígbà tí mo kó o jáde, ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kéèkì ò fọ́. Táìlì ilẹ̀ ló sán.

Mo fi ṣokoléètì kun orí wọn nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, gbogbo ẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo tún un kùn. Mẹ́rìnlélógún péré ni mo rí kó jọ, nítorí ìyẹ̀fun ti tán.

"Ẹ ṣáà sọ ọ́," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Mo ṣì lè bá yín ṣe é."

"Sọ kí ni? Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń dán ni?"

Ó wò wọ́n fínnífínní. "Bàtà náà máa ń dán."

Nílé iṣẹ́, wọ́n ti fi bébà funfun tẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ wọ kóòtù tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó gbé tíréè kalẹ̀. Ó mú èyí tó tóbi jù, ó ya ẹnu, ó gé e jẹ.

Kò gé. Bàbá tún un gé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára. Kéèkì jáde, eyín òkè sì bá a jáde! A wá rí kéèkì lọ́wọ́ Bàbá, tó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí, "kí lo fe yìí?" Eyín tó yẹ kó bá a pe "ṣe" ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi, àánú ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò béèrè owó, kò béèrè aago. Kéèkì lásán ni. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo:

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe! Mi ò ṣe é rí láyé mi! Ìyàwó mi ló ṣe ti ìjọ́sí!"

Mo retí kí òrùlé wó. Ìyá Aránwèé kàn gbọn èérún bébà kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"A mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń dín kòkó?"

"Gbogbo wa la mọ̀," ni ọ̀gá wa wí. Ó ti mú kéèkì kan, ó ń gbé e wò lọ́wọ́, ó sì fi í tẹ àwọn bébà tí fáànù ń fẹ́ kiri mọ́lẹ̀. Bébà kankan ò mira.

Bàbá Ẹ̀rọ ti mú irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ, ó ń fi yọ eyín rẹ̀. "Èmi náà mọ̀," ni ó wí nígbà tó dá a padà sẹ́nu. "Mo rò pé wàá ní làákàyè láti bẹ ìyàwó ẹ ni."

Mo délé, mo dúró níwájú ìyàwó mi, mo sọ gbólóhùn náà. Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó ní kí n gbé ohùn sókè, kí àwọn ará ilé kejì náà lè jàǹfààní. Lẹ́yìn náà ló gbé ìyẹ̀fun tuntun jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fún mi ní ẹyin àti ìlu-ẹyin. Mo lù ú títí apá mi fi kú tipiri.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a kó àádọ́rin kéèkì lọ sílé Bàbá Ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ bọ́ eyín rẹ̀ sínú ife omi kí wàhálà má tún sí, ó wá fi èrìgì jẹ mẹ́rin. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó súre fún ìyàwó mi, ó súre fún ọwọ́ rẹ̀, ó súre fún ìyá tó bí i. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń retí tèmi. Mo wúkọ́ díẹ̀.

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ náà kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Ara mi yá. Mo na ọrùn.

"Ẹrù náà wúwo. Ìwọ lo gbé e wá, àbí?"

"Rárá o, Bàbá," ni ìyàwó mi dáhùn. "Èmi náà ni. Ó ní apá ń ro òun."