Gbọ́lágadé Tó Ń Wá Irin Ọ̀bẹ Tí Kò Lábùkù

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹ bá mi di ìhà mú, nítorí ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì tán lára mi. Ààfin tí mo wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣàtìpó ní Elekahia ni: àga oníke mẹ́jọ àti fáànù kan tó ń ké. Èmi ni akọ̀wé ibẹ̀, mo sì ti rí ẹjọ́ láyé mi. Irú èyí, mi ò rí i rí.

Comfort ló pe ọkọ rẹ̀, Gbọ́lágadé, lẹ́jọ́. Ọ̀pẹ̀yìnbó gígé ni Comfort ń tà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Onne, ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ọ̀sẹ̀ méjì nílé.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́," ni Comfort wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mi ò pàtẹ. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí mi ò bá rí ọ̀bẹ gé ọjà mi títí ọ̀la, mò ń kó ẹrù mi lọ sílé bàbá mi n'Íkirè."

"Kí ló dé tí o ò ra ọ̀bẹ?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ bi ọkọ mi! Oṣù méje ló ti ń wá ọ̀bẹ kékeré kan, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ká wọnú èèkù, tí yóò máa fi sápò lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ irin tó dára jù kí òun tó rà á. Ó rẹ gbogbo ọ̀bẹ ilé sínú omi oníyọ̀, nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi! Ó ń fi wọ́n fá irun apá rẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe mú. Nígbà tí irun apá tán, ó bọ́ sí ẹsẹ̀. Nígbà tí tẹsẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí èmi!"

Gbogbo wa wo apá Gbọ́lágadé. Ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Comfort ò tíì parí. "Ọ̀bẹ tí mo fi ń tajà, ó pọ́n ọn, ó pọ́n ọn, títí ó fi kù bí ìtayín. Mo ra òmíràn, ó dá a padà, ó ní irin rẹ̀ kò lórúkọ."

"Gbọ́lágadé, ṣé òótọ́ ni?"

Gbọ́lágadé dọ̀bálẹ̀. "Òótọ́ ni, bàbá, ṣùgbọ́n mo ní àwíjàre. Irin méjì ló wà. Irin funfun kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó tètè ń kú, kì í lè gé nǹkan mọ́. Irin dúdú mú bí abẹ, ó ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án tí o ò nù ún, ìpẹtà dé. Inú omi iyọ̀ sì niṣẹ́ mi. Ṣé kí n ra èyí tó máa kú ni, àbí èyí tó máa jẹrà? Ohun tí èèyàn máa gbé sápò fún ogún ọdún, a kì í kánjú yàn án."

Balógun, tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ Baálẹ̀, bi í: "Ìgbà wo lo fi wo Comfort kí o tó fẹ́ ẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

"Ẹ ò gbọ́!" Comfort fò dìde. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún èmi, oṣù méje fún ọ̀bẹ!"

"Ìyá Ìyanu, ìwọ kì í dípẹtà mà," ni Gbọ́lágadé fi dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn.

Ẹ̀rín gba pálọ̀. Baálẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó pe ẹlẹ́rìí.

Teslim, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ọ̀bẹ ládùúgbò Alakahia, ló dìde. "Ọwọ́ mi ló ti gba ọ̀bẹ méjì lọ yẹ̀ wò, funfun kan, dúdú kan. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé funfun ló dára jù. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, orí ẹ̀ ni màá kú sí."

"Irọ́!" Nengi ló pariwo, ọmọ Kalabari tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé Comfort, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tiwa tí a bí síbí lọ. "No be you tell my husband say na black? O ní funfun, ti obìnrin ni!"

"Dúdú lọkọ ẹ wá rà," ni Teslim wí. "Ẹni bá fẹ́ dúdú, dúdú ni mo ń yìn fún un. Ṣé kí n máa bá kọ́sítọ́mà jà ni?"

Baálẹ̀ kọjú sí Nengi. "Ìwọ, ṣebí Comfort lo wá jẹ́rìí fún?"

"Ehn, bàbá. Ó ba ọ̀bẹ ìyàwó ẹ̀ jẹ́, no be lie. Àmọ́ ó fi dúdú yẹn la ẹja fún mi... chai! Ẹja ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti la òun. Dúdú ni kó mú jàre."

Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti dàrú. Balógun ní funfun ni, òun ò lè máa nu ọ̀bẹ bí ẹní ń nu imú ọmọ. Ìyálóde ní dúdú ni, òun ni ìyá òun lò títí dọjọ́ ikú. Balógun ká apá aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n fá òun wò. Èmi gan-an ti gbé kálámù sílẹ̀, mò ń pariwo dúdú.

Ni Comfort bá bú sẹ́kún. "Ó ti ràn yín náà! Ọjà mi ń jẹrà nílé, ẹ̀ ń yan irin!"

Ojú ti gbogbo wa. Mo mú kálámù mi.

Baálẹ̀ na ọwọ́. "Ọ̀bẹ méjèèjì dà?" Gbọ́lágadé yọ wọ́n lápò. Baálẹ̀ ṣí wọn, ó wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó ní:

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Gbọ́lágadé, láti àárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni wàá máa gé ọ̀pẹ̀yìnbó nídìí àtẹ ìyàwó rẹ. Dúdú láàárọ̀, funfun lọ́sàn-án. Kò sí irin tí omi ọ̀pẹ̀yìnbó ò ní dán wò. Èyí tó bá kú, pọ́n ọn. Èyí tó bá dípẹtà, bó o. Comfort á jókòó, á máa pàṣẹ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí o bá ń lò nílé, ibẹ̀ ni wàá wà, títí ọjọ́ tí wàá fi mọ èyí tó dára jù."

Gbọ́lágadé gbórí sókè kíá. "Baálẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n! Funfun ni! Funfun ni mo mú!"

Oṣù méje, ẹ̀yin èèyàn mi!

"Ẹ má gbà á!" Comfort ti nu omijé. "Kò tíì dán an wò lára ọ̀pẹ̀yìnbó."

"Kò tíì dán an wò lóòótọ́," ni Baálẹ̀ wí, ó sì dìde.

Mo gba ẹnu géètì kọjá láàárọ̀ yìí. Èrò pọ̀ nídìí àtẹ. Gbọ́lágadé ń gé, òógùn ń bọ́. Comfort na ẹsẹ̀ lórí àga, ó ní kó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Àbúrò," mo ní, "nínú irin méjèèjì, èwo ló wá dára jù?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí kò bá ti sí lọ́wọ́ mi ni."